Wọ́n Yọ Owó Pẹ́ńṣàn Mi, Kò Dé Àkáǹtì

ÌBÉÈRÈ: Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ṣágámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ₦90,000 ni owó oṣù mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sanwó ni ìwé owó oṣù ń fi hàn pé wọ́n yọ ₦7,200 fún pẹ́ńṣàn. Mo wá yẹ àkáǹtì pẹ́ńṣàn mi wò lórí fóònù: oṣù márùn-ún gbáko, kọ́bọ̀ ò wọlé. Akáúńtáǹtì wa ní owó náà ti wà lọ́nà. Ẹ̀rù ń bà mí láti bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n má baà lé mi.
— Ọmọ Rẹ́mọ, Ṣágámù

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, owó wo ló ń wà lọ́nà fún oṣù márùn-ún láti Ṣágámù? Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ì bá ti dé Àbújá. Èmi náà jókòó sí ọ́fíìsì àkáǹtì rí kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni mo ń ṣe ìwé owó oṣù, mo sì mọ ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń yà sí: dísù jẹnẹrétọ̀, tàbí gbèsè ẹni tó kó ọjà wá. Àwọn ọ̀gá kan ní in lọ́kàn láti dá a padà. Àwọn kan ò ní in lọ́kàn rárá.

₦7,200 yẹn kọ́ ni gbogbo owó rẹ. Òfin pẹ́ńṣàn ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹni tó gbà á síṣẹ́ fi ìdá mẹ́wàá tì í, ó kéré tán. Orí owó iṣẹ́ gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦90,000, ₦9,000 ni ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi kún tìrẹ, ó di ₦16,200 lóṣù. Oṣù márùn-ún, ₦81,000. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé èyí tí wọ́n yọ lára òṣìṣẹ́ ló máa ń dùn ún, kì í rántí èyí tí wọn ò fi kún un.

Ọjọ́ iṣẹ́ méje péré ni òfin fún ọ̀gá lẹ́yìn tó bá ti sanwó oṣù. Ọwọ́ PFA, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àkáǹtì pẹ́ńṣàn rẹ, kọ́ ló sì ń san án sí o, ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní PFC ló ń tọ́jú owó. PFA ló ń sọ ohun tí wọ́n á fi owó ṣe, kì í gbé e dání. Ibi tí ètò náà dára jù lójú tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n àárín ọ̀gá àti PFC ni owó ti ń sọnù, ojú òṣìṣẹ́ kì í sì í tó ibẹ̀.

Bí ọjọ́ méje bá kọjá, ìtanràn dé: kò gbọdọ̀ dín ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọn ò san, fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi wà nílẹ̀. Àkáǹtì rẹ ni ìtanràn náà ń lọ, kì í ṣe àpò ìjọba. Mi ò tíì rí akáúńtáǹtì tó la ẹnu sọ èyí fún òṣìṣẹ́.

Má bá ẹnikẹ́ni jà. Kó ìwé owó oṣù márààrún jọ. Gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ lọ́wọ́ PFA, kí o fi méjèèjì wéra, oṣù kan sí oṣù kan. Kọ lẹ́tà sí PFA, fi nọ́ńbà pẹ́ńṣàn rẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN sí i. Bí wọn ò bá dáhùn, kọ ọ́ sí PenCom, àjọ tó ń ṣọ́ gbogbo wọn. Wọ́n ní àwọn aṣojú tí wọ́n ń rán lọ yẹ ìwé irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń gba owó jáde. Nítorí ẹ̀rù tó ń bà ọ́, ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀yin púpọ̀; ìwọ nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Bí ọ̀gá yín bá sì ń wá kọ́ńtíráàtì ìjọba, ó nílò ìwé-ẹ̀rí PenCom pé òun ń san pẹ́ńṣàn, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀ bí ẹjọ́ yín bá débẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyáàfin, ẹni ọdún 58 ni mí, awakọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọkùnrin kan láti PFA mìíràn ní èrè tiwọn ju ti àwọn tí mo wà lọ́dọ̀ wọn lọ fíìfíì. Ṣé kí n lọ? Mi ò tilẹ̀ rí ibi tí àwọn tèmi kọ owó iṣẹ́ wọn sí. Àbí wọ́n ń jí mi jẹ ni?

ÌDÁHÙN: Bàbá, wọn ò jí yín jẹ. Inú gbogbo owó tí wọ́n kó pọ̀ ni wọ́n ti ń mú ìdá tiwọn kí wọ́n tó kéde iye tí ẹyọ kan nínú owó náà jẹ́ lójoojúmọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù ni ẹ̀ ń rí. Ó bá òfin mu, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Alájọ tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ìyá ní ọjà Òkè-Ajé, wọ́n mọ iye tó mú. Kí ló ṣòro nínú kí PFA kọ ìlà kan ṣoṣo pé náírà báyìí la mú lára owó yín lọ́dún yìí?

Ní ti ọmọkùnrin yẹn, ẹ bi í pé èrè Fund wo ló ń fi hàn yín. Láti 2018 ni wọ́n ti pín owó wa sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Fund. Ẹni tí kò tíì pé 50, Fund II ni wọ́n ń fi í sí. Ẹni tó ti pé 50, Fund III, níbi tí wọn kì í ti í ra ìpín ilé-iṣẹ́ púpọ̀, ìwé gbèsè ìjọba ni wọ́n ń rà jù. Bí ọjà ìpín bá gbóná, Fund II á yára ju Fund III lọ. Àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n, wọ́n á gbé Fund II tiwọn síwájú Fund III yín. Ẹ ní kó mú Fund III tiwọn wá, ti ọdún márùn-ún, kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta tó dára. Bó bá ju tiyín lọ lóòótọ́, ẹ lọ. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni ààyè ti ṣí láti pààrọ̀ PFA, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹ ò sì ní san nǹkan kan.

ÌBÉÈRÈ: Àwa mẹ́rin péré la wà ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣé òfin yìí kàn wá?

ÌDÁHÙN: Kò di dandan fún ọ̀gá yín àyàfi bí ẹ bá tó 15. Bí ẹ bá tó mẹ́ta, ẹ lè fínnúfíndọ̀ wọlé. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ náà ní ètò tirẹ̀ láti 2019: nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá fi síbẹ̀ ló ṣeé mú bí ọ̀ràn bá dé, ìdá 60 sì ń dúró di ọjọ́ ogbó. Mú NIN rẹ dání bí o bá ń lọ forúkọ sílẹ̀.