Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí kàn ń ké ni, ṣé orin nìyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tanke níbí ni mo wà, èmi ni mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bùrọ̀dá mi tó wà ní Jámánì fi synth kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń fi iná dá ohùn, ránṣẹ́ sí mi, Kastle ni wọ́n kọ sí i lára, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò ní kíì kankan, nọ́ọ̀bù àti ihò wẹ́wẹ́ ló kún ara ẹ̀ pẹ̀lú wáyà kéékèèké. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́ bí mo ṣe rí i nínú fídíò, ńṣe ló ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù mọ́lẹ̀. Màámi ní kí n pa nǹkan yẹn jàre. Mo wá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi sí míkísà, kò dún rárá, bẹ́ẹ̀ ó ń dún nínú íápíìsì. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni, àbí kí ni wọ́n ń fi í ṣe gan-an?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kò bàjẹ́ o, má dá a padà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti míkísà kúrò nílẹ̀. Ó jọ pé kébù tó o lò ní ojú kékeré oní-sitẹ́rìó 3.5mm lápá kan, jáàkì ńlá kan ṣoṣo tí òun náà jẹ́ sitẹ́rìó sì wà lápá kejì. Ohùn kan náà ni Kastle ń gbé sí etí ọ̀tún àti etí òsì, ihò míkísà ní tiẹ̀ sì máa ń yọ ọ̀kan kúrò lára ìkejì, torí bó ṣe ń lé ariwo tó bá wọ inú wáyà dànù nìyẹn. Ohùn méjì tó bára mu, o yọ ọ̀kan lára ìkejì, kí ló máa kù? Ra kébù tó là sí méjì lẹ́nu, ki ẹnu kan bọ míkísà, kó o sì fa fédà, èyí tó ń gbé ohùn sókè sílẹ̀, wálẹ̀ pátápátá kó o tó ki í bọ̀ ọ́, kí bàbá àwọn alàgbà má baà fò sókè lórí àga.

Ó wá ku ti ológbò. Kíbọ́ọ̀dù lò ń wá nínú nǹkan tí kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù. O ti rí onígángan níbi ìnáwó rí, àbí? Kọ̀ǹgọ́ ló fi ń lu awọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe kọ̀ǹgọ́ ló ń mú ìlù sọ̀rọ̀, abíyá tó ń fún ọsán ni. Wáyà tó o ń kì bọ ihò yẹn, abíyá nìyẹn. Iná díẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀ kọjá, bátìrì mẹ́ta irú ti agogo ògiri ló ń gbé gbogbo ẹ̀, 4.5V péré, iná yẹn bá gòkè ohùn á gòkè, ó bá wálẹ̀ ohùn á wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Bastl tó ṣe é ní ìlú Brno, nílẹ̀ Czech, fi ṣíìpù ATtiny85 méjì sínú ẹ̀, ọ̀kan ń ṣe ohùn, ìkejì ń ṣe iná tó ń darí ohùn. Ìkejì yìí ló ni LFO, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀ láìdúró láti máa yí ohùn padà, tó ní ihò méjì, ọ̀kan ń gòkè ó ń sọ̀ jẹ́jẹ́, ìkejì ń fò lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń tan iná tó ń pa á. Òun náà ló tún ni èyí tó ń lọ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń pè ní rungler, ará Netherlands kan, Rob Hordijk, tó kú ní 2022, ló ronú kàn án, ó sì wà nínú Benjolin, synth tiẹ̀. Kastle lè jẹ́ kí àtẹ̀gùn yẹn máa yí po lórí ìgbésẹ̀ 8 tàbí 16, ìyẹn ló máa ń dùn mọ́ mi jù torí ó dà bí omele tó di ìlù kan mú tí kò fẹ́ fi sílẹ̀, tàbí kó máa ṣe bó ṣe wù ú.

Báyìí, tú gbogbo wáyà. Gbogbo ẹ̀ o. Ki ẹyọ kan péré láti ihò LFO tó ń rọra gòkè sọ́dọ̀ TIMBRE, ibi tó ń pààrọ̀ irú ohùn tó ń jáde, dín RATE, ìyẹn eré LFO, kù kó máa fà, jókòó tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún má fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ki ti àtẹ̀gùn sí PITCH, ibi tó ń darí bí ohùn ṣe ga tó, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀bù kan wà tó ń dín agbára wáyà kù níbi PITCH, ṣí i díẹ̀díẹ̀, mo mọ̀ pé ìwọ ṣí tìẹ tán ni, ohun tó sọ ọ́ di ológbò nìyẹn. Má retí dò-rè-mì lọ́dọ̀ ẹ̀, tó bá jẹ́ pé ohùn tó bára mu lò ń wá, Kastle Arp, irú Kastle míì, ni kó o sọ fún bùrọ̀dá ẹ. Ẹ̀rọ yìí kì í rántí nǹkan kan, tó o bá ti tú wáyà ó tán, nítorí náà ya fọ́tò ẹ̀ kó o tó tú u, kó o sì máa rẹ̀kọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà, nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó o bá gbà sílẹ̀, èyí tó dáa lè má ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Èmi àti àbúrò mi kan tó ń lu gángan dán an wò lọ́dún tó kọjá. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ẹ̀rọ yìí kì í mí, kò mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́, mo wá dín RATE kù títí, kí n tó mọ̀ ó ti ń fi gángan dá a lóhùn. Wá onílù kan mọ́ra. Màámi ẹ náà á gbọ́ ìyàtọ̀.

Tí wáyà bá sọnù, ibi táwọn ọmọ injiníà Unilọrin ti ń ra ti pírójẹ́ẹ̀tì wọn ni kó o béèrè, jumper wire ni kó o pè é.

ÌBÉÈRÈ: Mi ò ní bùrọ̀dá ní Jámánì o, Ọ̀fà ni mo wà, láptọ́ọ̀pù nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: O lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Lọ gba VCV Rack, synth oníwáyà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, wáyà ni wọ́n ń fà níbẹ̀ náà, kò sì sí ẹni tí wáyà ẹ̀ ń sọnù. VCO kan tó ń dá ohùn, LFO kan, VCA kan tó ń gbé ohùn sókè sílẹ̀, àti ibi tí ohùn ń gbà jáde, ó tó. Má kó ogún módù, ìyẹn irú àwọn ẹ̀yà yẹn, jọ lọ́jọ́ kìíní, láptọ́ọ̀pù ẹ á gbóná, orí tìẹ náà á gbóná. Fi íápíìsì gbọ́ ọ, sípíkà láptọ́ọ̀pù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde.