Ṣé ojú MRI tó sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbìn sára?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbin sẹ́ẹ̀lì sí orúnkún màmá mi. Nígbà tí wọ́n ya MRI, ẹ̀rọ olóòfà tó ń ya àwòrán inú ara, lẹ́yìn náà, mo ní kí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún hàn mí, wọ́n ní kò ṣeé rí. Àbí wọ́n lù wá ní jìbìtì ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Omi inú ara ni MRI ń yà, omi sì kún inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbìn bó ṣe kún inú ti màmá gan-an. Ká tó lè dá àlejò mọ̀ láàárín onílé, a ti gbọ́dọ̀ sàmì sí i lára kó tó wọlé.

Irin la sábà máa ń fi sàmì. A ó da èérún irin tí ojú ò lè rí sínú omi tí sẹ́ẹ̀lì wà, sẹ́ẹ̀lì á sì gbé e mì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó sàlẹ̀ sídìí ike pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ará yàrá ìwádìí wá wò ó. Nínú àwòrán, irin yìí máa ń da òòfà ẹ̀rọ rú, ibẹ̀ á wá dúdú bíi pé tàdáwà kán sí i, á tún fẹ̀ ju ibi tí sẹ́ẹ̀lì wà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé ó ń tú àṣírí abẹ́rẹ́. Lọ́dún 2005, àwọn oníṣègùn ìlú Nijmegen ní Netherlands ròyìn ènìyàn 8 tó ní jẹjẹrẹ awọ ara, tí wọ́n gún ní sẹ́ẹ̀lì tó ní irin. Inú kókó kéékèèké tó ń bá ara gbógun ti àrùn ni wọ́n fẹ́ kó lọ. Ẹ̀rọ ìyàwòrán olóhùn ló ń júwe ọ̀nà fún abẹ́rẹ́, síbẹ̀ MRI fi hàn pé ó tàsé lára ènìyàn 4!

Ṣùgbọ́n dúdú yẹn ò sọ pé sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè. Bó bá kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ ara á kó irin rẹ̀ jẹ, ojú ibẹ̀ ò sì ní yí padà. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ara náà máa ń dúdú bẹ́ẹ̀.

Ti màmá ti kọjá àmì sísà báyìí. Bí ẹ bá padà lọ, ẹ ní kí wọ́n gbé àwòrán tuntun ti èyí tí wọ́n yà ṣáájú abẹ́rẹ́, kí wọ́n wo kèrékèré orúnkún náà. Ìyẹn, MRI ń rí i dáadáa.