Ìdí tí kò fi yẹ kí a di nginx, PHP àti OpenSSL pọ̀ sójú kan

Ẹ béèrè bóyá ó dára kí ẹ di nginx (sáfà wẹ́ẹ̀bù), PHP (èdè tí a fi ń kọ ojúlé) àti OpenSSL (èyí tó ń fi ìsọfúnni pa mọ́ bó ṣe ń kọjá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) sínú ìdìpọ̀ (package) kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ lè fi àṣẹ kan gbé gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń di sọ́fítíwíà sáfà wẹ́ẹ̀bù fún Debian àti FreeBSD, ìyẹn àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ohun tí mo sì rí ni pé ó yẹ kí ẹ yọ OpenSSL kúrò pátápátá, kí ẹ sì ya PHP sọ́tọ̀. Nígbà tí àṣírí Heartbleed, àlébù ààbò kan nínú OpenSSL, tú ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ẹni tó ń lo OpenSSL tí Debian pèsè kàn gba àtúnṣe, ó sì tún sáfà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìdìpọ̀ rẹ̀ gbé OpenSSL tirẹ̀ sínú ní láti máa retí ẹni tó dì í.

Kíkọ́ sọ́fítíwíà náà láti inú kóòdù kò le. Ẹ lo DESTDIR fún nginx àti INSTALL_ROOT fún PHP, kí àṣẹ make install lè kó àwọn fáìlì sínú fódà ọ̀tọ̀ dípò kó dà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà yín.

Àwọn fáìlì ìṣètò ni iṣẹ́ gan-an. Ẹni tó gba ìdìpọ̀ yín yóò tún nginx.conf ṣe títí yóò fi bá ohun tó fẹ́ mu, lẹ́yìn náà ni ẹ̀dà tuntun yóò dé. Mo ti rí ìdìpọ̀ kan tó kọ nǹkan lé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lórí láìbéèrè, tí gbogbo ojúlé tó wà lórí sáfà náà sì dákú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dùn mí gan-an, nítorí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá. Lórí Debian, debhelper, irinṣẹ́ tí a fi ń di ìdìpọ̀, máa ń ka ohun tó bá wà nínú /etc sí conffile (fáìlì ìṣètò tí a ń dáàbò bò), dpkg tó ń gbé ìdìpọ̀ sórí yóò sì béèrè lọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà bí òun àti ẹ̀dà tuntun bá jọ yí fáìlì náà padà. Nínú RPM, irú ìdìpọ̀ tí àwọn Linux mìíràn ń lò, ẹ̀yin fúnra yín lẹ óò kọ %config(noreplace), torí pé %config lásán yóò fi fáìlì tuntun sípò, yóò sì sọ èyí tí oníkọ̀ǹpútà ti tún ṣe di .rpmsave. Lórí FreeBSD, inú /usr/local/etc/nginx ni nginx.conf wà, @sample nínú pkg-plist (àkójọ àwọn fáìlì ìdìpọ̀) ló sì ń dáàbò bò ó.

Ẹ rántí pé www-data ni orúkọ oníṣe tí sáfà ń lò lórí Debian, www sì ni lórí FreeBSD. Kí postinst, ìwé àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbésórí, tó ní kí nginx tún ìṣètò rẹ̀ kà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe nginx -t tó ń yẹ ìṣètò náà wò, kí àṣìṣe kékeré kan má baà dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ má ṣe dán ìgbésórí nìkan wò. Ẹ gbé ẹ̀dà àtijọ́ sórí, ẹ yí ìṣètò rẹ̀ padà, ẹ gbé tuntun lé e, kí ẹ tó wá yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú purge, àṣẹ Debian tó ń yọ ìdìpọ̀ àti ìṣètò rẹ̀ kúrò. Purge lè pa ohun tí ìdìpọ̀ yín kó sínú /etc rẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojúlé tí oníkọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kó sínú /var/www.