Wọ́n ní kí n wá darí ẹgbẹ́ Python: wákàtí mélòó ni yóò gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí ní kí n wá máa darí ẹgbẹ́ àwọn. Ìpàdé kan lóṣù ni, èèyàn bí ogójì. Kò sówó níbẹ̀ o, mo sì níṣẹ́ tí mò ń lọ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ṣé kí n gbà, àbí kí n kọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ka wákàtí rẹ̀ ná. Wíwá ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ máa ń gbà tó 3. Gbọ̀ngàn àti iná, 2. Ìkéde àti orúkọ àwọn tó ń bọ̀, 3. Ọjọ́ ìpàdé gan-an, láti orí títo àga títí dórí dídá jẹnẹrétọ̀ padà, 7. Ìdúpẹ́ àti ìṣirò owó, 2. Ó di 17. WhatsApp lẹnikẹ́ni kì í rántí kà: ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́, 15 nìyẹn lóṣù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo iṣẹ́ yòókù.

Nítorí náà, ẹ má gbà á láìsí igbákejì méjì. Kí ọ̀kan mú WhatsApp, kí èkejì mú gbọ̀ngàn àti iná. Ohun tó kù fún yín á jẹ́ 15 lóṣù, kò tó 4 lọ́sẹ̀.

Ẹ̀rù iṣẹ́ yìí ń ba àwọn ẹgbẹ́ ńlá pàápàá. Ní 2019, Debian, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórí jáde. Gbèdéke pé, ẹnì kan ò yọjú, àfìgbà tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Bẹ́ẹ̀ ọdún kan péré ni sáà náà. Nígbà tí Guido van Rossum tó dá Python sílẹ̀ fi ipò olùdarí sílẹ̀ ní oṣù Keje 2018, lẹ́yìn awuyewuye PEP 572, ìyẹn àbá láti fi àmì tuntun kan kún èdè náà, wọn ò wá ẹnì kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 5 ni wọ́n ń dìbò yàn, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan náà ò sì gbọdọ̀ ju 2 lọ níbẹ̀.

Ohun tó sábà ń da irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rú ni pé gbogbo nǹkan wà lórí fóònù ẹnì kan. Onítọ̀hún á já pa lọ sí Kánádà, síìmù rẹ̀ á kú, síìmù yẹn sì ni kóòdù ìwọlé ń wọlé sí. Ẹ ṣí ímeèlì lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni méjì mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọjọ́ tí owó orúkọ wẹ́ẹ̀bù máa tán, kí ó wà lórí kàlẹ́ńdà ẹni méjèèjì.

Ẹ má sì máa ra epo jẹnẹrétọ̀ látàpò ara yín kí ẹ ní ìfẹ́ ni. Kì í ju oṣù kẹta lọ tí inú fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bí èèyàn. Ẹ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ dípò owó: gbọ̀ngàn, dátà, ohun mímu. Bí 60 bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó wọ́pọ̀ kí bí ìdajì má wá. Mítípáì 35 ti tó.

Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ kọ ọ́ sójú ẹgbẹ́ báyìí: “Mo gbà á fún ọdún kan, wákàtí 4 lọ́sẹ̀. Mi ò ní máa dáhùn lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́.” Tó bá ku oṣù mẹ́ta kí ọdún náà pé, ẹ mú ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni gbọ̀ngàn, kí wọ́n mọ ojú ara wọn.