Bàbá Ayàwòrán Ilé, Kí Ni Wọ́n Ń Fi Fèrèsé Tó Pọ̀ Báyìí Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Aṣọ sẹ́dà ni mò ń tà ní Balógun. Ọmọ mi tó ń kàwé ní Derby, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi fọ́tò ilé kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní ilé iṣẹ́ sẹ́dà àtijọ́ ni. Fèrèsé ibẹ̀ pọ̀ ju ti ilé ìwé lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú odò ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ṣé nítorí ẹwà ni? — Ìyá Aláṣọ, Èkó.

ÌDÁHÙN: Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjà o. Ẹwà kọ́ rárá. Iṣẹ́ ló ya àwòrán ilé yẹn. Èmi tí mo fi rúlà àti pẹ́ńsùlù jẹun ní Yábàá kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Odò Derwent lẹ rí yẹn. Nígbà tí Thomas Lombe, oníṣòwò sẹ́dà, àti John àbúrò rẹ̀ gbé iṣẹ́ kíkọ́ ilé náà fún George Sorocold, ẹnjiníà, tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1721, ta ló mọ jẹnẹrétọ̀? Omi ló ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá kan, kẹ̀kẹ́ yẹn ló sì ń yí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé alájà márùn-ún náà. Ẹ̀rọ tó ń lọ́ òwú ga débi pé ó gba àjà méjì ìsàlẹ̀ pọ̀. Àwọn tó ń ká òwú ló wà lókè. Ítálì ni John ti lọ wo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìtàn sì sọ pé bòókẹ́lẹ́ ló fi yà á.

Fèrèsé wá ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ bí fọ́nrán sẹ́dà ṣe tín-ín-rín tó. Bó bá já, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí i kó tó lè so ó. Ilé náà gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 110, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò ju bí 39 lọ, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀tún àti tòsì lè pàdé láàárín. Ẹ wá wo àwọn plásà wa ní Ìdúmọ̀tà, tí àwọn tó wà ní ìsọ̀ àárín ń tan gílóòbù lọ́sàn-án gangan! Ẹni tó yà wọ́n kò rò ó dé ibẹ̀.

Ẹ má rò pé 1721 ni gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò o. Ní 1910, iná sọ ní ilé ìlọ̀yẹ̀fun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ràn mọ́ ọn. Àjà mẹ́ta ni wọ́n tún kọ́ dípò márùn-ún. Lára ohun tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ olókùúta tó tẹ̀ bí abẹ́ bíríìjì, tó gbé ilé náà dúró. Láti 2021, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Museum of Making ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wọlé wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọmọ wa lọ dúró sí òdìkejì odò, kó ya ìsàlẹ̀ ilé náà dáadáa. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́.