Kí Ìyàwó Rẹ Kọ́kọ́ Gbọ́ Pé O Ń Wá Iṣẹ́

Ojú ìwé mẹ́rin ni lẹ́tà rẹ, ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ kò sì ju gbólóhùn mélòó kan lọ nínú rẹ̀. O ṣàlàyé bí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ike ní Ìkẹjà, níbi tí o ti bójú tó sítọ́ọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, ṣe dá ogún ènìyàn dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù méje sẹ́yìn. O ní o ti fi CV ránṣẹ́ sí ibi tó lé ní igba. O wá bi mí bóyá kí o yá náírà 500,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí o fi san fún ọkùnrin kan tó ní òun lè bá ọ rí "slot", ìyẹn àyè iṣẹ́ tí wọ́n ń fi owó rà, ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Láàárín gbogbo èyí ni o ti sọ ọ́, bí ẹni tí ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, pé: "Ìyàwó mi, tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, kò tíì mọ̀, mo ṣì ń wọṣọ jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo ń lọ jókòó sí." Bí o ti sọ ìyẹn tán ni o padà sórí ọ̀rọ̀ slot.

O pe ara rẹ ní ọmọ mi, nítorí náà kò yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu bí mo bá bá ọ wí. Lẹ́tà rẹ kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí mo gbà. Àwọn ọkùnrin ń kọ̀wé sí mi láti inú mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ sábẹ́ igi, láti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ bíi tìrẹ, láti inú ọgbà ìjọ, níbi tí wọ́n ń jókòó sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí wọ́n lè wọlé bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé. Àwọn obìnrin náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n tàwọn ọkùnrin pọ̀ jù. Ohun tó sì ń sú mi ni pé ọ̀rọ̀ CV ni gbogbo yín máa ń béèrè lọ́wọ́ mi.

Jẹ́ kí n tètè dáhùn èyí tí o béèrè, kí a lè gbàgbé rẹ̀. Má san owó náà. Ọ̀daràn ni ẹni tó ń ta iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó bá sì rà á kò lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn láìfi ara rẹ̀ sùn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà ti burú débi pé ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní 2023 láti wádìí títa iṣẹ́ ìjọba, àjọ ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ sì ti gbé àwọn kan lọ sílé ẹjọ́ lórí irú rẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá tilẹ̀ ní agbára tó ní òun ní, ṣé kò ní àbúrò tí kò níṣẹ́ ni, tó fi jẹ́ pé ìwọ tí ẹ jọ pàdé ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni yóò gbé slot fún? Ọ̀rọ̀ slot tán.

Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ ni iṣẹ́ wà. O ní ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tó ti ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Ǹjẹ́ o ti lọ jókòó síbẹ̀ rí ní aago kan ọ̀sán, kí o sì gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sọ? Mo mọ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Awakọ̀ tírélà tó ti wà lórí ìlà ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan láti òwúrọ̀ yóò jókòó ti àmàlà, yóò máa ráhùn pé ìlà kò rìn nítorí pé ẹni tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ wọn ti jápa lọ sí Kánádà, ọmọdé tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò sì mọ bí a ṣe ń fi ohun tó wà nínú wébíìlì wé ẹrù tó wà nílẹ̀. Akọ̀wé tó wá bu oúnjẹ fún ọ̀gá rẹ̀ yóò dá a lóhùn pé tiwọn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀gá àwọn ti ń wá ẹni tó ṣeé fọkàn tán, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kéde rẹ̀ nítorí kò ní àkókò láti ka ẹgbẹ̀rún CV. Ìyàwó rẹ ń gbọ́ gbogbo èyí bó ti ń bu ọbẹ̀. Kò là á sétí wọn pé òun mọ ẹnì kan, nítorí ó dá a lójú pé ọkọ òun wà níbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tìrẹ ti bá ọ dákẹ́ fún oṣù méje.

Bí ilé iṣẹ́ kò bá tóbi púpọ̀, ọ̀gá kì í kọ́kọ́ sáré lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀. Yóò kọ́kọ́ bi àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ léèrè ẹni tí wọ́n mọ̀, bí wọ́n bá sì mú ẹni tó dára wá, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, wádìí bí àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tuntun ní ìlú Newton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1973. Nínú àwọn tó jẹ́ pé ènìyàn ló júwe iṣẹ́ fún wọn, kìkì ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rí ẹni náà déédéé, ìdá 55.6 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 27.8 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i rárá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ mọ ohun tí ìwọ náà mọ̀, ibi kan náà ni ẹ jọ ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ kàn ń kí ara yín lójú ọ̀nà ń gbé láàárín àwọn ènìyàn tí o kò mọ̀ rí. Ní 2022 ni àwọn olùwádìí mìíràn tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láàárín nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ènìyàn tó ń lo LinkedIn, ìkànnì àwọn òṣìṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ojúlùmọ̀ tí kò súnmọ́ni jù ló sì tún mú iṣẹ́ wá jù. Ìyàwó rẹ ní irú ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́ọ̀rọ̀, ó ń bọ́ wọn lójoojúmọ́, ìwọ sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Kì í ṣe òun nìkan ni o sá fún. O kọ ọ́ fúnra rẹ pé lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dá yín dúró ni o jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́, "kí wọ́n má baà máa bi mí léèrè." Mọ́kàndínlógún ni àwọn tí ẹ jọ kúrò níbẹ̀. Wọn kò lè jókòó sílé tán. Àwọn kan á ti wọ ibòmíràn, wọ́n á sì ti mọ ọ̀gá tuntun tó ń bèèrè ẹni tó mọ iṣẹ́ sítọ́ọ̀. Wọ́n ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, wọn kò nílò CV láti mọ̀ bóyá olè ni ọ́ tàbí olóòótọ́. Padà sínú ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn wọn, kọ orúkọ àwọn tó ń kó èròjà tí ẹ fi ń ṣe ike wá fún yín sílẹ̀, àwọn awakọ̀ tí o ń buwọ́ lùwé fún, oníbàárà tó máa ń rán ènìyàn wá kó ọjà, àti aṣàyẹ̀wò ìwé owó tó ń wá ka ẹrù yín ní ìparí ọdún. Aṣàyẹ̀wò yẹn ń wọ sítọ́ọ̀ tó pọ̀ ju èyí tí ìwọ yóò wọ̀ láyé rẹ lọ, ó sì mọ èyí tó dàrú.

Nígbà tí o bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, má ṣe sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá iṣẹ́ èyíkéyìí." Ẹni tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yóò ní òun ti gbọ́, yóò sì gbàgbé kó tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, nítorí kò sí ohun kan pàtó tí o fi sí i lọ́wọ́. Sọ pé: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti kúrò ní ilé iṣẹ́ tí a jọ mọ̀. Sítọ́ọ̀ ni mo bójú tó níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo ń wá irú iṣẹ́ kan náà ní Ìsọlọ̀, Ìkẹjà tàbí Ọ̀tà. Ta ni ẹ mọ̀ tí mo lè bá sọ̀rọ̀, kí n mọ bí nǹkan ṣe ń lọ lọ́dọ̀ wọn?" Orúkọ ènìyàn ni o ń tọrọ yẹn. Ó rọrùn láti fúnni ní orúkọ ju kí a fúnni níṣẹ́ lọ, orúkọ kan yóò sì fà ọ́ lọ sọ́dọ̀ òmíràn.

Mo dárúkọ Ọ̀tà nítorí nínú igba ibi tí o kọ̀wé sí, kò sí èyí tó kọjá ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé báǹkì ló pọ̀ jù nínú wọn, àti àwọn ọ́fíìsì Erékùṣù Èkó tí wọn kò ní sítọ́ọ̀ kankan. Kí ni ẹni tó mọ ẹrù kà ń wá ní báǹkì? Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde ni tìrẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì wà ní Ọ̀tà, Àgbárá àti Ṣàgámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Owó ọkọ̀ tí o ń ná láti lọ jókòó ti onígbàjámọ̀, fi wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, kí o ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì, kí o sì kí àwọn ẹ̀ṣọ́ dáadáa, nítorí wọ́n mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ti kúrò.

Mo ka CV rẹ. Ohun kan náà ni o fi ránṣẹ́ sí báǹkì, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, ohun tó sì wà níbẹ̀ lórí ọdún mẹ́sàn-án kò ju pé "mo bójú tó sítọ́ọ̀ àti àwọn iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n bá yàn fún mi." Ẹnikẹ́ni lè kọ ìyẹn. Irú ọjà mélòó ló wà lábẹ́ rẹ? Àwọn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ? Nígbà tí o débẹ̀, mélòó ni ẹrù tó ń sọnù lọ́dún, mélòó sì ni nígbà tí o ń lọ? Nínú lẹ́tà tí o kọ sí mi ni mo ti rí i, kì í ṣe nínú CV, pé ìwọ lo dá a lábàá kí wọ́n máa ka ẹrù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, àti pé ọwọ́ tẹ ẹni tó ń jí ọjà kó nípasẹ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí o fi gbé ìyẹn fún èmi tí n kò ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé fún ọ, tí o sì fi í pamọ́ fún àwọn tó ní?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilé. Sọ fún un lálẹ́ òní tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Má rán pásítọ̀, má rán ìyá rẹ. Gbé ìwé tí wọ́n fi dá ọ dúró kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o sì fi iye tó kù ní báǹkì hàn án, nítorí o jẹ́wọ́ pé owó tí ilé iṣẹ́ fi tù yín nínú ni o ń bù fún un lóṣooṣù bí owó oṣù, ó sì ti ń tán lọ. Yóò bínú. Ó lè má bá ọ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni, nítorí iṣẹ́ tó bọ́ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, ṣùgbọ́n irọ́ oṣù méje, ìwọ lo pa á. Má ṣe gbèjà ara rẹ, má sì sọ pé nítorí rẹ̀ ni o ṣe pa á mọ́.

Bí ó bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí o máa bójú tó ọjà ilé oúnjẹ náà ní ìdajì ọjọ́: ìrẹsì, epo, gáàsì, ẹran, ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, kí o máa tò ó sínú Excel. Òun yóò mọ ibi tí owó rẹ̀ ń gbà lọ, ìwọ náà yóò sì ní òótọ́ láti sọ nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé kí ni o ti ń ṣe láti oṣù méje. O kò ní ìdáhùn sí i báyìí, àbí wàá sọ fún wọn pé o jókòó ti onígbàjámọ̀?

Ní ti owó, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 gbà kí ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, gba iye tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni ọ́, oṣù mẹ́rin ti kọjá. Bí ilé iṣẹ́ rẹ bá ń san tìrẹ déédéé, mú ìwé ìdádúró náà lọ bá àwọn tó ń tọ́jú owó rẹ, kí ìyàwó rẹ sì mọ iye tí wọ́n bá fún ọ. N kò fẹ́ gbọ́ pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin onísílọ́ọ̀tì yẹn ni ó gbà lọ.

O ní kí n bá ọ tún CV náà kọ. Mo lè ṣe é, ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ kàn án títí ìyàwó rẹ yóò fi gbọ́. Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ tó ń bọ̀.