Èsì: Ìdí tí nanogel PNIPAM rẹ fi ń yòrò bó bá tutù

Òkun o, àbúrò wa ní Kábà. O ní nanogel rẹ (àwọn hóró jẹ́lì tíntìntín inú omi) funfun bí omi ògì ní 70°C, àmọ́ bó ṣe tutù báyìí, ó mọ́ gaara, o ò rí nǹkan kan mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé MBA rẹ, kẹ́míkà tó ń so àwọn okùn pólímà mọ́ra, ló kéré. PNIPAM, ìyẹn pólímà tí a fi ṣe nanogel náà, máa ń ká jọ bí omi bá gbóná ju 32°C lọ. Bó bá tutù, ó tún yòrò, àfi tí MBA bá ti so ó pọ̀.

Fún omi mílílítà 19, wọn NIPAM (èròjà tó ń so pọ̀ di PNIPAM) gíráàmù 0.40, MBA mílígíráàmù 27, àti macro-CTA PDMA oní trithiocarbonate (okùn pólímà tí PNIPAM ń hù lórí rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí àwọn hóró lẹ̀ mọ́ra) gíráàmù 0.15, èyí tó wúwo tó bíi 4,300 g/mol. V-50 (kẹ́míkà tó ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ náà) tó o nílò ò ju mílígíráàmù 1.9 lọ, ó sì ṣòro láti wọn. Yọ́ mílígíráàmù 19 sínú omi mílílítà 10 mìíràn, kí o fa mílílítà 1 nínú rẹ̀ sínú àdàlù náà. Fẹ́ nitrogen sí i fún ìṣẹ́jú 30 kó o tó gbé e ka iná. Bí oxygen bá ṣẹ́kù, ìsopọ̀ náà kò ní bẹ̀rẹ̀.

Bí MBA bá pọ̀ jù tàbí macro-CTA bá kéré jù, àwọn hóró á lẹ̀ mọ́ra, wọn á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Nítorí iná ọba, lo ìkòkò omi ńlá, kó má bàa tètè tutù.

Má sì jẹ́ kí mímọ́ gaara tàn ọ́ jẹ. Tan tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀gbẹ́ ìgò nínú òkùnkùn: bí nanogel bá wà, ipa iná á hàn bí aró fẹ́ẹ́rẹ́. Inú omi tútù ni kó o ti yẹ̀ ẹ́ wò, torí lóṣù Ẹrẹ́nà, inú yàrá lè kọjá 32°C.